Ìyá Tó Ń Wa Katakata

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ìtàn náà kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìtàn ọmọdé ni, kò ju ojú ewé 24 lọ, ọmọ ọdún méje á kà á tán kí ìrẹsì tó jinná. Mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé ní Ìbàdàn fún ọdún 31, ó sì ti tó ọdún 18 tí mo ti ń kọ ìtàn fún wọn. Ìtàn ìjàpá àti àwọn ẹranko yòókù kò dà mí láàmú tó báyìí rí. Obìnrin kan tó ń wa katakata ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Mo ti fi ojú ara mi rí i, ohun tí mo rí wù mí, mo sì rò pé ìyẹn ti tó.

Etí odò kan tó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa kọjá ni mo ti rí i. Àwa ará Ìbàdàn kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Ọmọdé ni mí nígbà tí Ògùnpa kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Omíyalé ni a ń pè é títí dòní, bí ẹni ń dárúkọ ogun. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, afárá wó, ẹ̀mí tó ṣòfò sì tún lé ní 100. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí katakata wọ inú odò láti kó yanrìn àti pàǹtírí kúrò, ekukáká ni ẹni tó ń gba orí afárá á fi kọjá láì dúró wò ó. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta mi a máa so mọ́ fèrèsé bí àdán.

Katakata ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wà á mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: katapílà ni èyí tó ń ti ilẹ̀ lọ, gírédà ni èyí tó ń tẹ́ ojú títì, péílódà ni èyí tó ń bu yẹ̀pẹ̀ sínú típà, ẹskafétọ̀ ni èyí tó ń walẹ̀. Ẹskafétọ̀ ni ti odò wa, aláwọ̀ ìyeyè, ó wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20. Ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ dé àṣíborí lé orí ìborùn tó so mọ́rí. Ìyá Ìbejì ni gbogbo sáìtì ń pè é.

Ìtàn àkọ́kọ́ tí mo kọ, oríkì ni. Mo pe obìnrin náà ní akọni, mo pè é ní obìnrin bí ọkùnrin, mo ní kí àwọn ará àdúgbò jó yí i ká, mo ní kí ọba ta á lọ́rẹ. Mo kà á fún kíláàsì kẹta ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Wọ́n dákẹ́, wọ́n gbọ́. Nígbà tí mo kà á tán, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni màmá yẹn wá ń ṣe nínú katakata náà?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, kò gbẹ́ kòtò kan. Kò gbé òkúta kan. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì fọwọ́ kan iṣẹ́. Ọmọ ọdún méje ló rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, "obìnrin bí ọkùnrin." Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ìyìn sì ni lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Obìnrin ṣe iṣẹ́ tó dára, a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé e fún ọkùnrin, a wá fi yá obìnrin náà fún ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin tó bá ń gbọ́ ọ á mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Mo yọ ọ́ kúrò, n kò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé ọmọdé mọ́.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo lọ bẹ ọ̀gá sáìtì pé kó jẹ́ kí n máa wá jókòó wo iṣẹ́. Wọ́n fún mi ní àṣíborí, wọ́n fi ibi tí mo lè dúró sí hàn mí, wọ́n sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnì kan pè mí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni Ìyá Ìbejì máa ń dé. Kì í kọ́kọ́ gun ẹ̀rọ. Á fi ẹsẹ̀ yí i po, bí onílé ṣe ń yí ilé rẹ̀ po láàárọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán sílẹ̀. Á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á fi àkísà nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ, á wá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Á wo omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Á fọwọ́ tọ́ eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, á mì í wò bóyá ọ̀kan ti fẹ́ yọ. Lẹ́yìn náà ló máa yin gíríìsì sí àwọn oríkèé: èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn-ọwọ́. Bó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ wọ́n sínú ìwé nìyẹn, nítorí apá ẹskafétọ̀ kò yàtọ̀ sí apá ènìyàn àfi ti pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní eyín.

Bó bá fẹ́ gùn ún, ojú rẹ̀ á kọ sí ẹ̀rọ, á sì rí i pé ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ kan, wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Kì í fò sọ̀kalẹ̀ láéláé. Á jókòó, á so bẹ́líìtì, á fun fèrè, á dúró díẹ̀ kí etí tó bá yẹ kó gbọ́ gbọ́, kó tó mú un rìn.

Ọ̀pá méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Tòsì ló ń yí ẹ̀rọ sọ́tùn-ún sósì, òun náà ló ń na ìgbọ̀nwọ́ jáde tàbí kó fà á wọlé. Tọ̀tún ló ń gbé èjìká sókè sódò, òun náà ló ń ká bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra tàbí kó tú u sílẹ̀. Ọpurétọ̀ tó mọṣẹ́ á ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní wo ọwọ́ ara rẹ̀. Agbára tó ń gbé òkúta kò ti apá ènìyàn wá rárá. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ló ń fi ipá ti ọ́ìlì gba inú páìpù, ọ́ìlì ló ń ti apá irin. Mo bi Ìyá Ìbejì bóyá ọ̀pá náà le. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n gòkè wá fi ìka kan tì í. Ilẹ̀kùn ilé mi le láti tì jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìhà kejì odò náà, obìnrin mẹ́rin ń ru kọnkéré. Páànù tó kún dé ẹnu ló wà lórí wọn, wọ́n ń gba orí pákó gòkè, wọ́n ń dà á, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó ń la ìlú yìí kọjá tí kò mọ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá tó ń jókòó lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta ńlá sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà ti wúwo jù fún obìnrin. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ti ru kọnkéré fún ọdún mẹ́fà. "Èyí tó wà lórí wọn yẹn ló ń fọ́ ọrùn, mà," ó ní. "Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ yìí, ojú ló ń gbà, àti sùúrù." Owó ọjọ́ rẹ̀ sì ju tiwọn lọ dáadáa. Nígbà tí ẹrù wà lórí, iṣẹ́ obìnrin ni. Nígbà tí irin bá a rù ú, tí àga wà níbẹ̀, tí owó sì gbé pẹ́ẹ́lí, ìgbà náà ni wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí èyí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí i kí wọ́n tó dàgbà débi tí kò ní jọ wọ́n lójú mọ́.

Ọpurétọ̀ àgbàlagbà kan ló kọ́ Ìyá Ìbejì níṣẹ́, ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, gíríìsì àti ìfọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni. Lẹ́yìn náà, bàbá náà gbé ike ọ̀dà kan tí omi kún sílẹ̀, ó ní kó fi eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo gbé e ní ìdìmú, kó gbé e lé orí dírọ́ọ̀mù, kí omi má sì dànù. Ó ní omi náà dànù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti ń lọ síbẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé rìǹgì kọnkéré kan sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, èyí tó tóbi débi pé ọmọ kíláàsì kẹta lè dúró nínú rẹ̀ láì tẹrí ba. Wọ́n fi ṣéènì so ó rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú, ó ń fọwọ́ júwe. "Ẹ máa sọ̀ ọ́ bọ̀, mà. Ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra." Rìǹgì náà ń bọ̀, kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Nígbà tó ku ìbú ọwọ́ kan kó kan ilẹ̀, Ìyá Ìbejì dá a dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó tún gbọ́wọ́ sókè. Rìǹgì kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀, n kò gbọ́ ìró kankan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ru kọnkéré ti dúró tòun ti páànù lórí. Ó ní, "Bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ti sùn sílẹ̀." Mo kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun ló wà ní ojú ewé 17.

Ìtàn kejì tí mo kọ lẹ́yìn ìyẹn kún fún iṣẹ́, àmọ́ kò sí ọmọ nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ọmọ lè bẹ̀rù tàbí kó máa retí. Mo mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ọn, mo sì pa á tì fún oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí ló dé tí n kò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, níwọ̀n bí orúkọ ẹ̀rọ ti wà níbẹ̀. Mo rán wọn létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Èdè tó lè kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kò ní rẹ̀wẹ̀sì níwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti gíríìsì.

Ohun kan tún wà tí Yorùbá ní. "Ó" wa gba ọkùnrin, ó gba obìnrin. Mo ka ojú ewé mẹ́ta fún kíláàsì kẹrin, tí kò tíì gbọ́ ìtàn náà rí. N kò dárúkọ màmá, n kò dárúkọ bàbá. "Ọpurétọ̀" ni mo ń pè é, "ó" ni mo sì ń lò. Mo ní kí wọ́n ya ẹni náà. Àwọn tó ya obìnrin kò pé márùn-ún. Èdè kò yan ẹnikẹ́ni fún wọn, ojú wọn ló ti yàn. Ó wá sí mi lọ́kàn pé mo lè lo èyí: kí n fi "ó" pa á mọ́ dé ojú ewé 20, kí n wá jẹ́ kó bọ́ àṣíborí, kí gbogbo kíláàsì pariwo. Ọgbọ́n tó dùn ni, mo sì kọ̀ ọ́. Bí jíjẹ́ obìnrin rẹ̀ bá jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu inú ìtàn, a ti tún padà sídìí oríkì, iṣẹ́ rẹ̀ a sì tún sọnù. Nítorí náà, "Màmá" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, "wọ́n" ni mo sì lò fún un títí dé òpin, bí ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀. Wọ́n wọ bàtà. Wọ́n yin gíríìsì. Wọ́n fun fèrè. Àgbàlagbà kan tó lọ síbi iṣẹ́ ni ọmọ á rí.

Ẹ bi ọmọ ilé ìwé èyíkéyìí léèrè ẹni tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́. Á ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ẹ bi í léèrè nípa owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, bí wọ́n ṣe tú jáde lọ sí ààfin, àti bí Aláké ṣe fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ ọ rí. Mọ́tò ló kù lọ́kàn àwọn ọmọ, iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ lọ. Bí ìyanu ṣe ń bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Òǹtẹ̀wé àkọ́kọ́ tí mo gbé ìwé mi lọ bá ní ìtàn náà dára, àmọ́ kí bàbá wa katakata, kí màmá gbé oúnjẹ wá fún wọn ní sáìtì, kí àwọn òbí má baà bínú. Ẹnì kan níbẹ̀ tilẹ̀ sọ pé òfin kò gbà á fún obìnrin. Mo lọ ka òfin náà. Abala 56 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò fàyè gba obìnrin láti ṣe iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ níbi ìwakùsà, abala 55 sì sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ òru. Kò sí èyí tó kan ẹskafétọ̀ tó wà létí odò ní ọ̀sán gangan. Mo gba ìwé mi, mo gbé e lọ síbòmíràn.

Àwọn òyìnbó náà ní ìtàn katakata ti wọn. Ní ọdún 1939, Virginia Lee Burton ní Amẹ́ríkà ṣe ìwé ọmọdé tó lókìkí nípa ẹ̀rọ ìwalẹ̀ tí wọ́n ń fi ooru omi ṣiṣẹ́. Mary Anne ni orúkọ ẹ̀rọ náà, Mike Mulligan ni ọkùnrin tó ń wà á. Ní ọdún 1943 ó tún ṣe òmíràn, katapílà tó ń kó yìnyín ni, Katy ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin ló kọ àwọn ìwé náà, ó sọ irin lórúkọ obìnrin. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ti Mary Anne, mo sì ti lò ó ní kíláàsì, nítorí iṣẹ́ kún inú rẹ̀: wọ́n gbẹ́ kòtò kan láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ rẹ̀, ọmọ sì ń rí i bó ṣe ń jìn sí i. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn ọmọ ti ń kà á.

Ayàwòrán ló tún kù. Àwòrán àkọ́kọ́ tó mú wá, ọkùnrin onírùngbọ̀n ni. Ìkejì, obìnrin tó kun ètè, ó káwọ́ gbera lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí; kò wọ inú rẹ̀. Mo dá a padà. Ní ìgbẹ̀yìn mo mú ayàwòrán náà lọ sí sáìtì, kó lọ wo ọwọ́ Ìyá Ìbejì. Ó wò ó pẹ́. Gíríìsì wà lábẹ́ èékánná, àpá iná kan wà lẹ́yìn ọwọ́, òrùka ìgbéyàwó sì wà nínú àpò, nítorí kì í wọ̀ ọ́ sí ìka bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán tó yà lẹ́yìn náà ni mo gbà.

Nínú ìtàn kẹta, àwọn ìbejì Màmá ń sùn nínú ilé tó wà nítòsí odò, òjò àkọ́rọ̀ sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá ń walẹ̀, wọ́n ń gbé rìǹgì. Bọ́ọ̀lù ọmọ kan yí wọ inú sáìtì, Màmá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọn kò mì títí ọmọ náà fi kúrò. Ìyá Ìbejì ló ní kí n fi ìyẹn sí i. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, mà, pé tí wọn kò bá rí ojú mi, èmi náà kò rí wọn." Lóru, òjò rọ̀. Màmá jí, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Omi ń lọ ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọmọ kò jí. Ilẹ̀ mọ́, Màmá wọ bàtà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ nínú ìtàn náà.

Mo kà á fún kíláàsì kẹta. Ọmọ ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, ta ni yóò yin gíríìsì lọ́la?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn fún ọmọdé lédè Yorùbá, àwọn obìnrin wà lórí fọ́kílífìtì, wọ́n wà nínú típà, wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ káàkiri. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ jókòó tì wọ́n kí ẹ tó gbé bírò. Ẹ tètè dé, kí ẹ lè bá wọn nídìí gíríìsì, kí ẹ sì dúró síbi tí ojú wọn ti lè rí yín.